Ògiri Tí Mọ̀nsúrát Ń Kọjú Sí

Mọ̀nsúrát tún ká ẹní ìkírun rẹ̀, ó gbé e kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri abà, kò wo àwòrán tó wà lára rẹ̀ rárá. Ó gba àárín ebè ṣọkọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ kòtò tí wọ́n ń da ewé jíjẹrà sí, ó tẹ́ ẹní sórí ilẹ̀ tó tutù rinrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kírun Àìlà.

Ẹ̀bùnlọlá dá ọwọ́ koríko tó ń tu dúró. Láti ọjọ́ tóun ti ya àwòrán yẹn tán ni Mọ̀nsúrát ti ń ṣe báyìí. Ó ń kí i o, ṣùgbọ́n ìkíni lásán ni. Kò bá a ṣàwàdà mọ́, kò sì pín àkàrà rẹ̀ fún un mọ́.

Oko kékeré kan ni, lẹ́yìn Kuje tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Festac. Bọ̀dá Seth ló ni ín. Kì í da ajílẹ̀ òyìnbó sí i, kì í fín oògùn. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣa kòkòrò ara ẹ̀fọ́, ìdí nìyẹn tó fi ń wá àwọn tó lè yọ̀ǹda ara wọn láti bá a ṣiṣẹ́. Ayàwòrán ni Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ Festac, tó lè wà nínú yàrá tòun ti ọ̀dà láti àárọ̀ dalẹ́ láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Nǹkan tó máa yà ló ń wá lọ síbẹ̀, ló bá rí ọ̀rẹ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló hú odindi ebè tẹ̀tẹ̀ kan dànù, ó ní koríko ni. Mọ̀nsúrát, obìnrin tó ń ta gaàrí àti ọṣẹ ní Kuje, tó tó àbúrò ìyá rẹ̀, tóun náà ń yọ̀ǹda ara rẹ̀ lóko náà, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tí Bọ̀dá Seth dé, Mọ̀nsúrát ní òun lòun hú u. Ta ni kò ní fẹ́ràn irú èèyàn bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, nígbà tí Bọ̀dá Seth ní kó ya nǹkan sí ara ògiri abà, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ojú Mọ̀nsúrát ló yà, ó ń rẹ́rìn-ín, ṣọkọ̀ kún apá rẹ̀. Ògiri tí Mọ̀nsúrát máa ń kọjú sí kírun gan-an ló sì mú, níbi tí ilẹ̀ ti gbẹ jù lóko náà. Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwọn ní Festac, nígbà tó ya àwọn áńgẹ́lì sí iwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ ló dìde pàtẹ́wọ́ fún un. Ó rò pé ẹ̀yẹ lòun ń ṣe fún ọ̀rẹ́ òun. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Nígbà tí Mọ̀nsúrát kírun tán, Ẹ̀bùnlọlá lọ bá a.

"Àǹtí Mọ̀nsúrát, ẹ jọ̀ọ́, ṣé imú yẹn ni mo yà tóbi jù?"

Mọ̀nsúrát wò ó, ẹ̀rín fẹ́ pa á. "Imú mi náà ni. Wọn kì í yà á tóbi ju bó ṣe wà lọ." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹní rẹ̀. "Ẹ̀bùn, a kì í kọjú sí àwòrán èèyàn kírun. Ọlọ́run nìkan là ń forí balẹ̀ fún. Ṣé kí n wá máa forí balẹ̀ níwájú ojú ara mi ni?"

Ẹ̀bùnlọlá bi í pé kí ló dé tí kò sọ. Mọ̀nsúrát ní òun rí bí inú rẹ̀ ṣe ń dùn nígbà tó ń yà á, ẹnu òun kò gbà á.

Ẹ̀bùnlọlá lọ bá Bọ̀dá Seth pé òun fẹ́ pa àwòrán náà rẹ́. Ìyẹn kò tiẹ̀ jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó ti gbé àwòrán náà sórí Wáàsáàpù, àwọn àlejò láti Island sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Sunday torí ẹ̀. Kí Mọ̀nsúrát máa kírun lẹ́bàá kòtò, ilẹ̀ á gbẹ. Ẹni tó bá sì fọwọ́ kan ògiri yẹn, kó má padà wá sóko òun.

Ẹ̀bùnlọlá dúró níwájú ògiri. Kò tíì ya ohun tó dára tó èyí rí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bó bá pa á rẹ́, ó pàdánù rẹ̀, ó pàdánù oko náà mọ́ ọn. Bó bá sì fi í sílẹ̀, inú ẹrẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ á máa forí balẹ̀ sí. Ó ṣí garawa ọ̀dà funfun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ògiri náà.

Ó ku ojú nìkan nígbà tí Bọ̀dá Seth dé. Kò pariwo. Ó kàn ní kó gbé báàgì rẹ̀ kó máa lọ. Ẹ̀bùnlọlá kun ojú náà tán, ó fọ búrọ́ọ̀ṣì, omijé ń dà lójú rẹ̀, nítorí ó dùn ún dé egungun.

Ó ti dé ẹnu géètì kó tó gbúròó ẹsẹ̀ lẹ́yìn. Mọ̀nsúrát ni, tòun ti ọkọ́ àti báàgì rẹ̀.

"Àǹtí, mo ti kun ògiri náà. Ẹ lè padà síbẹ̀ báyìí."

"Mo rí i. O ṣeun." Ó tún ìbòrí rẹ̀ ṣe. "Ibi gbogbo la ti lè kírun, Ẹ̀bùn. Ọ̀rẹ́ ni kò sí níbi gbogbo."

Ẹ̀bùnlọlá bojú wẹ̀yìn. Bọ̀dá Seth dúró láàárín ebè, ó ń wò wọ́n.

"Ta ni yóò wá máa ṣa kòkòrò ara ẹ̀fọ́?" ni Ẹ̀bùnlọlá bèèrè.

"Ẹni tó ni ín," ni Mọ̀nsúrát fi dá a lóhùn, ó sì ṣí géètì.