Fèrèsé Ìrókò Lórí Gọ́tà

Àjíbíkẹ́ ti gbé ẹsẹ̀ kejì lé pákó náà kí ó tó mọ ohun tí òun ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ ti tẹ́ ẹ sórí gọ́tà iwájú ilé kí bárò wọn lè ráyè kọjá, ẹrẹ̀ Mowe sì ti bò ó débi pé ojú lásán ò lè dá a mọ̀. Ìkọ́ idẹ kékeré kan tó yọrí nínú ẹrẹ̀ ló tú àṣírí. Òun fúnra rẹ̀ ló yan ìkọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù Mùsáfírù káfíńtà ní Ifọ̀. Fèrèsé yàrá ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe afárá.

Inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ta ló láyà? Kí ni ìyá rẹ̀ fi ṣe wọ́n?

Ẹ má dá a lẹ́bi o. Ikọ́ fée ti ń bá ìyá rẹ̀, Àlájà Ròkíátù, fínra látìgbà tí Àjíbíkẹ́ ti gbọ́njú. Yàrá kan ṣoṣo ni ìyá náà ń gbé ní Ibafo, ooru ibẹ̀ sì tó ohun tí wọ́n fi ń se iṣu. Torí rẹ̀ ni Àjíbíkẹ́, aránṣọ, ṣe dáwọ́ lé ilé kíkọ́, kí ìyá rẹ̀ lè rí atẹ́gùn mí kó tó kú. Nígbà tó kan fèrèsé, kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣeré rárá. Irin? Ilẹ̀ àbàtà ni ilẹ̀ yẹn, ìpẹtà á jẹ ẹ́ tán. Pákó yẹpẹrẹ? Ikán Mowe ò mọ ẹni ọ̀wọ̀. Alumíníọ̀mù dára, ó sì ní kí wọ́n fi sí pálọ̀ àti àwọn yàrá yòókù. Ṣùgbọ́n ní ti yàrá ìyá, férémù ìrókò ló yàn, èyí tí ikán kì í fẹnu kàn, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn méjì tó ń ṣí síta pátápátá, kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ wọlé lẹ́lẹ́.

Kò nílò kí ó wádìí ẹni tó gbé e sọ sínú ẹrẹ̀. Àṣìṣe tirẹ̀ ló bí i. Nígbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rù ń bà á kí àwọn oníṣẹ́ má fojú obìnrin lásán wo òun kí wọ́n sì rẹ́ òun jẹ. Ló bá mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Mobọ́lájí, wá láti Arepo, ó ní, “Bọ̀dá mi nìyí. Àwọn ló nilé.” Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ń kọ́lé lágbègbè yẹn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Látọjọ́ náà, bó bá sọ̀rọ̀, àwọn oníṣẹ́ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn á kọ́kọ́ bi ọ̀gá.

Ó bá Jẹ̀lílì, oníṣẹ́ alumíníọ̀mù, nínú yàrá ìyá, níbi tó ti ń so fèrèsé onígíláàsì tí wọ́n ń tì lọ tì bọ̀ mọ́ ògiri.

“Jẹ̀lílì, ta ló ní kí o fi eléyìí síbí?”

“Àǹtí, ẹ má bínú. Ọ̀gá ní fèrèsé onípákó ti di ti ayé àtijọ́.”

“Ọ̀gá wo?”

“Bọ̀dá yín nà. Ṣebí àwọn ló nilé?”

Kó tó dá a lóhùn, mọ́tò Mobọ́lájí dé. Ó ti lọ gbé ìyá wọn wá láti Ibafo kí ó wá ṣe àdúrà sílé náà kí ẹnikẹ́ni tó sùn síbẹ̀. Jálàbíà funfun ni Mobọ́lájí wọ̀, ó mọ́ tónítóní. Àjíbíkẹ́ jáde lọ bá wọn níwájú gọ́tà, ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kò sì dìde.

“Bọ̀dá mi, orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà o, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo rí yín fín. Kí ló dé tí ẹ fi fèrèsé màámi ṣe afárá?”

“Torí pákó lo ṣe ń gbọ̀n báyìí? Àwọn ọ̀rẹ́ mi ń bọ̀ láti Arepo wá wo ilé yìí. Kí wọ́n wá bá fèrèsé onípákó nílé ìyá mi? Ilé onípákó la gbé dàgbà, Àjíbíkẹ́. Wọ́n fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ ní iléèwé títí. Ojú mi ò ní rí i mọ́.”

“Ṣé ojú yín ló ń wúkọ́ ni?”

“Ẹ̀gbọ́n rẹ lò ń bá sọ̀rọ̀ o!”

“Mi ò gbàgbé. Ẹ̀yin lẹ gbàgbé ẹni tó máa sùn síbẹ̀.”

“Ó tó!” ni ìyá wọn wí. “Àdúrà ni mo wá ṣe. Ẹ jẹ́ n wọlé.”

Ó sì gba orí afárá náà kọjá, ó ń tẹ fèrèsé ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Omijé ìbínú bọ́ lójú Àjíbíkẹ́.

Wọ́n gbé àga fún ìyá nínú yàrá náà. Oòrùn ń ràn mọ́ gíláàsì, eruku sìmẹ́ńtì kún ibẹ̀. Àdúrà ò tíì jìnnà tí ikọ́ fi dé. Ìyá dìde, ó na ọwọ́ sí fèrèsé. Ó ti gíláàsì òsì, ó lọ bo ọ̀tún. Ó ti ọ̀tún, ó lọ bo òsì.

“Bí mo bá ṣí èyí, ìyẹn á tì,” ló wí, èémí rẹ̀ sì ti ń há. “Mobọ́lájí, èwo ló ń ṣí nínú wọn?”

Àjíbíkẹ́ gbá ìyá rẹ̀ mú, ó mú un jáde sí fàráńdà, ó fín oògùn rẹ̀ sí i lẹ́nu. Ó pẹ́ díẹ̀ kí àyà ìyá tó rọlẹ̀.

“Ìwọ lo bá mi yan ìyẹn?” ló bi Mobọ́lájí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, màámi. Mo fẹ́ kí ẹ gbé inú ilé tó gbayì ni.”

“Ó gbayì. Ṣùgbọ́n èmi ni mo máa mí níbẹ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ.”

Mobọ́lájí tẹrí ba. Ìyẹn ò paná ìbínú Àjíbíkẹ́.

“Jẹ̀lílì, tú u kúrò.”

Jẹ̀lílì mú irinṣẹ́ rẹ̀, ló bá yíjú sí Mobọ́lájí, ó ń dúró de ohun tí ọ̀gá máa wí. Wíwò yẹn ló pa Àjíbíkẹ́ lára jù.

“Má wo ojú wọn!” Ariwo rẹ̀ mú kí àwọn bíríkìlà dáwọ́ iṣẹ́ dúró. “Irọ́ ni mo pa fún yín lọ́jọ́ kìíní. Èmi ni mo nilé! Ẹni tó lorí ló ni fìlà!”

Ó bọ́ sínú gọ́tà tòun ti ìró rẹ̀, ó di etí fèrèsé náà mú. Ìrókò wúwo, kò gbé.

“Bọ̀dá mi, ẹ bọ́ síbí, ẹ bá mi gbé e.”

Mobọ́lájí wo jálàbíà rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀, ẹrẹ̀ sì mù ún dé agbede ojúgun. Wọ́n gbé fèrèsé náà jáde, wọ́n bu omi sí i. Àjíbíkẹ́ tú ìkọ́ idẹ náà, ìlẹ̀kùn méjèèjì sì ṣí gbayawu. Omi ò rí ìrókò náà gbé ṣe.

Jẹ̀lílì ti gbé alumíníọ̀mù jáde. Kò wo ojú ẹlòmíràn mọ́.

“Onílé, ibo ni kí n gbé eléyìí sí?”

“Gbé e sínú mọ́tò bọ̀dá mi,” ni Àjíbíkẹ́ wí. “Kí wọ́n gbé e lọ sí Arepo, kí àwọn ọ̀rẹ́ wọn lè máa wò ó.”