Ìṣó Mẹ́rin Lára Férémù

Ojúlalákàn ni wọ́n ń pe obìnrin tó ń ṣọ́ yàrá kẹta nílé àwòrán, orúkọ náà sì yẹ ẹ́. Lọ́dún tó kọjá, ère kan sọnù lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń ṣọ́ yàrá kejì. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n fi lé e lọ. Iṣẹ́ yìí ni Ojúlalákàn fi ń tọ́ ọmọ mẹ́ta. Ẹ̀rù ń bà á.

Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ ò fi gba baba arúgbó kan tó ń wá ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Iwájú àwòrán obìnrin tó ń fọṣọ ni baba máa ń dúró sí, kò sì ní wo obìnrin náà. Ẹ̀gbẹ́ férémù ló ń wò, á tẹ̀ sọ́tùn-ún, á tẹ̀ sósì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fa téèpù yọ, ó wọ̀n ọ́n.

“Ẹni tó ń wọn ohun tí kì í ṣe tiẹ̀,” ni Ojúlalákàn sọ nínú ara rẹ̀, “ó ti mọ ibi tó máa gbé e sí.”

Lónìí, baba na ìka sí igun férémù.

“Baba, ẹ má fọwọ́ kàn án o! Ẹ ṣí àpò yín kí n rí i.”

Baba ṣí i. Òòlù kékeré ló wà níbẹ̀, àti igi wẹ́wẹ́ tí wọ́n gbẹ́ ṣónṣó. Ojúlalákàn gbé ọwọ́ lé agogo tí wọ́n fi ń pe ọlọ́pàá, lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà.

“Fara balẹ̀, ọmọ mi. Èmi ni mo ṣe férémù àwòrán yìí lógún ọdún sẹ́yìn. Mi ò lo ìṣó rí láyé mi. Irú igi wẹ́wẹ́ yìí ni mo fi ń so igun pọ̀. Wá wò ó.”

Ó wò ó. Orí ìṣó ń dán ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

“Bóyá wọ́n tún un ṣe ni, sà.”

“Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ó fi ìka méjì kéré sí tèmi. Ṣé wọ́n gbé e jáde rí?”

Wọ́n gbé e jáde. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ọ̀gá àgbà ilé àwòrán ní kí wọ́n lọ nu eruku ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, ọ̀gá rẹ́rìn-ín sí Ojúlalákàn: “Ojú ẹ ló mú jù níbí. Ìwọ ni kó o yẹ̀ ẹ́ wò.” Orí rẹ̀ wú. Obìnrin tó ń fọṣọ ló wò, kò wo férémù. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwòrán náà gan-an ni, ó sì fọwọ́ sí i.

Èyí tí wọ́n gbé jáde kọ́ ni wọ́n gbé padà wọlé. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani.

Ọ̀gá àgbà yọ lẹ́nu ọ̀nà. “Ojúlalákàn wa, ṣé baba yìí ń yọ ẹ́ lẹ́nu ni? Jẹ́ kí n bá ẹ lé e jáde.”

Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára agogo. Ó rántí àwọn ọmọ rẹ̀, ó rántí ìwé tó fọwọ́ sí. Ó wo ọ̀gá lójú kòrókòró, ó sì tẹ agogo náà.