Ìka Mẹ́rin Sí Ìsàlẹ̀

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì fẹ́ ìyẹ̀fun igi kúrò lójú ihò náà, ó ki ọmọ-ìka bọ inú rẹ̀, ó yí i wò. Kò sí ẹ̀rún igi kankan tó gún un. Kò kánjú láti àárọ̀. Ó ti wọn ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó tún un wọ̀n, ó fi pẹ́ńsù sàmì sí i, kó tó gbé díríìlì lé e. Ibi tó lu ihò náà sí ni kì í ṣe ibi tó yẹ. Ó fi ìka mẹ́rin lọ sí ìsàlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Bẹ́ẹ̀dì nìkan ni obìnrin yìí ń ṣe, irú èyí tó ń gbé èèyàn dìde, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ ní Ìyá Bẹ́ẹ̀dì. Pákó mẹ́ta ló máa ń tò sínú férémù: ọ̀kan fún ẹ̀yìn, ọ̀kan fún ìdí, ọ̀kan fún ẹsẹ̀. Ọwọ́ irin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n ń yí. Bí wọ́n bá ti ń yí i, pákó ẹ̀yìn á máa dìde díẹ̀díẹ̀, ti ẹsẹ̀ á sì ká orúnkún sókè. Gbogbo ọgbọ́n ibẹ̀ kò ju oríkèé lọ. Ibi tí ara ti ń ṣẹ́ ní ìbàdí ni bẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ ti ṣẹ́. Bí oríkèé bá bọ́ sí ìsàlẹ̀, ìbàdí á wà lófìfo, gbogbo ìwúwo ara á dà sórí egungun ìdí, á sì máa dà bí ẹni pé wọ́n ń fi ayùn rẹ́ onítọ̀hún sí méjì. Kò ní mọ ibi tó ti ń wá. Ọjọ́ ogbó ni yóò máa bú.

Nítorí bẹ́ẹ̀ ni kì í fi í ṣe bẹ́ẹ̀dì fún ẹni tí kò bá wọ̀n. Oníbàárà á dùbúlẹ̀ sórí páálí, wọ́n á fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà yí i ká, wọ́n á sàmì sí èjìká, ìbàdí àti ẹ̀yìn orúnkún. Páálí ti oníbàárà tó ni bẹ́ẹ̀dì yìí ni wọ́n gbé wá fún un láti ilé, ọmọ rẹ̀ obìnrin ló yà á.

“Bàbá mi ò lè wá fúnra wọn, mà,” ni ọmọ náà wí lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. “Wọ́n ṣubú. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, kí wọ́n tó dìde lórí ibùsùn, ogun ni. Káfíńtà làwọn náà tẹ́lẹ̀.”

Ìgbà tó dárúkọ àdúgbò tí ilé wọn wà ni Ìyá Bẹ́ẹ̀dì wá ibi jókòó. Ọ̀gá ni. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ gan-an ni.

Kò sẹ́ni tó máa sọ pé Ọ̀gá ò mọ iṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni kò dára. Ní gbogbo ọdún tí obìnrin yìí fi wà lábẹ́ rẹ̀, òun nìkan láàárín ọkùnrin, kò gbọ́ “ó dáa” lẹ́nu rẹ̀ rí. Pẹlẹbẹ ló ń pè é, torí pé ó rí tín-ín-rín bíi pákó tí wọ́n fá jù. Àga tó ṣe láti fi gba òmìnira, Ọ̀gá gbé e sókè níwájú àwọn oníbàárà, ó ní igi kì í gbọ́ràn sí obìnrin lẹ́nu, ó là á mọ́lẹ̀. Ó wá ní kó lọ dá kó gbogbo pákó tí ọkọ̀ já sílẹ̀ níta wọlé, kí ojú rẹ̀ lè wálẹ̀. Abẹ́ pákó yẹn ló ṣubú sí. Ó wà nílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun igi, kò lè dìde, Ọ̀gá sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó ní ẹ wo ọ̀lẹ tó ń sùn. Ìyá tó bí i ló wá gbé e lọ sílé.

Ẹ̀yìn yẹn ò bọ̀ sípò mọ́. Inú ìrora rẹ̀ ló ti ro bẹ́ẹ̀dì àkọ́kọ́, fún ara rẹ̀. Àwọn èèyàn a máa sọ fún un pé kó dúpẹ́, pé bí kì í bá ṣe ìṣubú yẹn, ibo ni ì bá ti rí iṣẹ́ tó ń jẹ lónìí. Ó máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn ni. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́, ọjọ́ gbogbo ni tolè, ọjọ́ kan ni tolóhun. Ọjọ́ kan náà rèé. Ó tú bẹ́ẹ̀dì náà sí wẹ́wẹ́, ó dì í sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, ó jókòó ti awakọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn bí inú ẹni tó ń lọ kí ọmọ tuntun.

Yàrá Ọ̀gá kò tóbi. Fèrèsé kan, àpótí aṣọ kan, ìfági àtijọ́ kan lórí fèrèsé tí wọ́n fi epo pa kó má dípẹtà. Ọ̀gá jókòó sórí àga pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé, ọ̀pá méjì fara ti orúnkún rẹ̀. Ó ti kéré. Apá tó fi ń la àga mọ́lẹ̀ ò ju igi ìgbálẹ̀ lọ mọ́. Èyí bí Ìyá Bẹ́ẹ̀dì nínú. Kí ló dé tí ọjọ́ ogbó fi ṣáájú òun dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?

“Ẹ káàsán, sà.”

Ọ̀gá wò ó títí. “Pẹlẹbẹ.”

“Èmi ni, sà.”

“O ti sanra.”

“Ọjọ́ ti lọ, sà.”

Ọmọ rẹ̀ wo Ìyá Bẹ́ẹ̀dì, ó wo baba rẹ̀. “Àṣé ẹ mọ ara yín?”

“Ó kọ́ṣẹ́ díẹ̀ lọ́dọ̀ mi,” ni Ọ̀gá dá a lóhùn.

Díẹ̀. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó to férémù, ó ki bóòtù bọ ihò, ó fi sípánà dè é. Díẹ̀. Gbogbo ìgbà èwe òun ni díẹ̀. Ó fún bóòtù náà títí irin fi dún. Ó tẹ́ fóòmù lé e, ó gun orí rẹ̀ láti fa igun rẹ̀ gún, ó sọ̀ kalẹ̀. Òun àti ọmọ náà di Ọ̀gá mú lápá, wọ́n rọra tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì.

“Ẹ farabalẹ̀, sà. Mo fẹ́ gbé yín dìde.”

Ó ń yí irin náà, ojú rẹ̀ ò sì kúrò lójú ọkùnrin yẹn. Ohun tó ń wá níbẹ̀, ó mọ̀ ọ́n dunjú nítorí pé ó ti wà lójú òun alára rí: kí iwájú orí ká kò, kí eyín pàdé, kí ọwọ́ wá nǹkan dì mú. Pákó ń dìde. Àyà Ọ̀gá ń bọ̀ lókè. Ó yí i dé ibi tó yẹ kí ẹnikẹ́ni ti ké, ó tún fi díẹ̀ sí i.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. “Ó dáa,” ló wí.

Irin dúró lọ́wọ́ Ìyá Bẹ́ẹ̀dì. “Ẹ ní kí ni, sà?”

“Mo ní iṣẹ́ yìí dáa. Mo ti ń rí òde láti ibi tí mo wà. O mọ iṣẹ́.”

Ọmọ rẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó dúpẹ́, ó ní kí òun lọ bu omi fún awakọ̀ níta.

Ta ló máa mọ iye ìgbà tí Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lójú àlá? Ó ti kórìíra ọkùnrin yìí títí, ó sì ń retí ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀ síbẹ̀. Ó wá gbọ́ ọ nígbẹ̀yìn, lórí iṣẹ́ tó burú jù lọ tó tíì ṣe láyé rẹ̀. Inú bí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í da irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí kó lè máa bá tirẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ sì ń kà wọ́n fúnra rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá nìyẹn: iṣẹ́ kankan kì í jáde kí ọmọ iṣẹ́ tó fẹnu ka irinṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó bá sì gbàgbé ọ̀kan sínú ẹrù oníbàárà, ìgbájú ni yóò fi rántí. Ayùn. Òòlù. Díríìlì. Tépù.

Sípánà kò sí.

Ó wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó wo ẹ̀yìn àpótí aṣọ, ó gbọn apò ara rẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè ló rí i. Ọrùn irin kan yọ sóde lábẹ́ itan Ọ̀gá, lórí fóòmù, níbi tó gbé e sí nígbà tó ń fa igun.

“Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ gbẹ́sẹ̀ díẹ̀.”

“Kí ló dé?”

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé itan náà, ó fa sípánà jáde. Irin ńlá ni, ó wúwo, ó ti gbóná mọ́ ara. Eyín rẹ̀ ti tẹ ojú sínú ẹran itan arúgbó náà, ibẹ̀ ti jìn, ó ti pọ́n. Ọ̀gá bojú wò ó bí ẹni tó ń wo itan ẹlòmíì.

“Ẹ ò mọ̀ ọ́n lára, sà?”

Ọ̀gá kọ́kọ́ wo ẹnu ọ̀nà. “Má sọ fún un.”

“Àtìgbà wo?”

“Àtìgbà tí mo ti ṣubú. Láti ìbàdí lọ sísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu díẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá fi iná sí i, òórùn ni màá fi mọ̀. Bí ọmọ yẹn bá gbọ́, á kó mi kúrò nílé mi.”

“Ẹ̀yìn tẹ́ ẹ ní ó ń dùn yín ńkọ́?”

“Kí ni kí n sọ? Ẹ̀yìn dídùn kì í tini lójú.”

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Ó mọ ohun tí bẹ́ẹ̀dì tó ṣẹ́ níbi tí kò yẹ ń ṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ ti kú. Ẹni tí ara ń dùn á yí padà, á ṣépè fún ẹni tó kan án, á sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ara kò dùn á dúró síbẹ̀, awọ á bó, ẹran á máa jẹrà lábẹ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, títí egungun á fi yọjú. Ó ti bá irú rẹ̀ pàdé lára oníbàárà kan tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pè é sí. Òórùn ọ̀hún ò tíì kúrò nímú rẹ̀.

Ìrora ló gbé wá fún Ọ̀gá, kì í ṣe ikú. Ó fẹ́ kó dùn ún. Ó fẹ́ kó máa dùn ún lójoojúmọ́, kó má rí oorun sùn, kó máa wá ẹni tó máa gbé e dìde nílẹ̀. Ẹ̀san tí ẹni tí a gbé e fún kò mọ̀ lára, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?

Inú rẹ̀ ò rọ̀ o. Kẹ́nikẹ́ni má rò pé inú rẹ̀ rọ̀. Ńṣe ló ń bínú sí ìbàdí tó kú yẹn, bí ẹni pé Ọ̀gá mọ̀ọ́mọ̀ pa á kí ọwọ́ òun má bàa tó o.

“Ẹ jẹ́ ká gbé yín lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, sà. Mo fẹ́ tún ibì kan ṣe.”

“Mo ní ó dáa.”

“Kò dáa.”

Ọmọ náà padà wọlé, wọ́n gbé baba rẹ̀ jáde, ó sì jókòó tì í níbẹ̀. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì tú bóòtù, ó rẹ́ ìka mẹ́rin kúrò lẹ́sẹ̀ pákó ẹ̀yìn, ó kàn án mọ́ pákó ìdí, ó gbé díríìlì, ó lu ihò mìíràn sí òkè, lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ìkanra ló fi ṣe é. Kò fẹ́ ìyẹ̀fun kankan, kò ki ìka bọ ibì kankan. Ó dè é, ó tẹ́ fóòmù padà, ó ní kí wọ́n máa gbé e bọ̀.

Ó tún yí irin náà. Pákó gbé Ọ̀gá dìde, ìbàdí rẹ̀ sì jókòó síbi tí oríkèé wà, ó ṣe rẹ́gí.

“Báwo ni, sà?”

“Kò yàtọ̀,” ni Ọ̀gá wí.

Báwo ni ì bá ṣe yàtọ̀? Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ti àpótí rẹ̀ pa. Ọmọ náà ń to ìrọ̀rí sẹ́yìn baba rẹ̀. Ọ̀gá wá jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ já sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ra ara férémù, bí káfíńtà kankan kò ṣe lè wà nítòsí igi kó má fọwọ́ kàn án. Ọwọ́ yẹn ò kú. Ó ń rìn lọ lórí igi náà, ó dé ibì kan, ó dúró. Ọmọ-ìka rẹ̀ wọ ihò tó ṣófo. Ó yí i wò nínú ihò náà. Ó yọ ọ́ jáde, ó tẹ́ ìka mẹ́rin lélẹ̀ láàárín ihò náà àti bóòtù tó wà nínú ihò tuntun. Ó bá a mu wẹ́kú.

“Ìka mẹ́rin,” ló wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“Sí ìsàlẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì nàró. Kí ó bú òun. Kí ó pariwo, kí ó pe ọmọ rẹ̀, kí ó ní apààyàn ni òun. Ó ti múra gbogbo ohun tó máa fi dá a lóhùn sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti wà nílẹ̀ nínú ìyẹ̀fun igi. Ọ̀gá ò wo ojú rẹ̀. Ó ń fi ìka ra etí ihò tuntun, ó rí ẹ̀rún igi kan níbẹ̀, ó fà á yọ, ó jù ú nù.

“Ti àkọ́kọ́ mọ́ ju èyí lọ,” ló wí.

“Kí lẹ̀ ń sọ, Bàámi?” ni ọmọ náà béèrè.

“Iṣẹ́ ni,” Ọ̀gá wí, ó sì pajú dé.

Nínú ọkọ̀, awakọ̀ béèrè bóyá ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì gbé àpótí sórí ẹsẹ̀, ó ń ka irinṣẹ́, wọ́n sì pé. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló ń rò, bó ṣe wọ̀n tó tún wọ̀n, bó ṣe rọra fẹ́ ojú ihò náà bí ẹni fẹ́ ojú ọmọ. Nínú gbogbo àwọn tó ti dùbúlẹ̀ sórí páálí rẹ̀, ta ló tíì fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún rí?

Awakọ̀ ti ṣáná sí ọkọ̀.

“Ẹ ṣì dúró ná,” ni Ìyá Bẹ́ẹ̀dì wí fún un. Ó fa sáńpépà kan yọ nínú àpótí, ó sọ̀ kalẹ̀, ó padà sínú ilé lọ fi ha etí ihò tuntun kó lè dán.