Ọsàn Tí Kò Dé Orí Bébà

Ọsàn kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ kan tí ó ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní àwòrán yíyà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ máa yà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko. Wọ́n fi ìwé ìlànà ránṣẹ́ sí olùkọ́ wọn, ọmọbìnrin kan tí kò tíì pé ọdún mẹ́rìnlélógún, tí ó kọ́ iṣẹ́ àwòrán ní yunifásítì tí ó sì gba ipò kìn-ín-ní. Nínú ìwé náà ni wọ́n ti kọ ọ́ pé ẹni tí ó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún kò lè ya ohun tí ó ju ohun róbótó lọ. Ọmọbìnrin náà ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Ó fi pẹ́ńsù pupa fàlà sí abẹ́ rẹ̀, ó pa ìwé náà dé jẹ́jẹ́, ó sì gba iṣẹ́ náà, nítorí pé kò rí òmíràn.

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin ni ó ní, olúkúlùkù nínú ilé rẹ̀, níwájú kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Màmá Agbẹ̀bí ti gba ọmọ tí kò níye sáyé kí ó tó fẹ̀yìn tì. Bàbá Onílọ́rì wa ọkọ̀ ẹrù títí ojú fi ní ó tó. Ìyá Aránṣọ kò fẹ̀yìn tì rárá. Bí kíláàsì ti ń lọ ni máṣíìnì rẹ̀ ń dún. Ẹni kẹrin ni Ọ̀gá Àgbà, tí ó ti ṣe olórí ilé-ìwé rí. Àjà ilé ni kámẹ́rà tirẹ̀ máa ń kọjú sí, nítorí náà ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀ nípa ìrísí rẹ̀ ni ọwọ́ tí ó ń nà sókè kí ó tó sọ̀rọ̀.

Ọsàn gan-an ni wàhálà. Ní ọjọ́ kìíní, olúkúlùkù gbé ọsàn tirẹ̀ síwájú. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kejì, kò sí ọsàn mọ́.

"Màmá, ọsàn yín dà?"

"Mo ti jẹ ẹ́, ọmọ mi. Ṣé kí n máa wò ó lójú títí tó fi máa bàjẹ́ ni?"

"Èmi náà jẹ tèmi," ni Bàbá Onílọ́rì wí. "Ó kan gógó. Ṣé o ò lè sọ pé ká ra èyí tó dùn ni?"

Ti Ìyá Aránṣọ ti yí wọ abẹ́ máṣíìnì, kò sì ráyè wá a. Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà yọ sókè. "Èmi ò jẹ tèmi o. Ìyàwó mi ló jẹ ẹ́. Mo ti bá a wí."

Bí wọ́n ti ń rà á ni wọ́n ń jẹ ẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, èèpo ni Màmá Agbẹ̀bí yà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, Bàbá Onílọ́rì ya táyà, ó sì búra pé ọsàn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, alábòójútó ilé-iṣẹ́ náà ránṣẹ́ pé òun yóò yọjú ní aago mẹ́wàá. Bí àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò bá jọ ohun tí ó yẹ kí wọ́n jọ, kíláàsì yóò kógbá sílé, olùkọ́ náà yóò sì padà sí ilé bàbá rẹ̀ láti máa wá iṣẹ́. Ó ti ṣàlàyé èyí fún wọn, ó sì ti bẹ̀ wọ́n. Ní aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú, ó ní kí wọ́n gbé ọsàn wọn sókè kí òun rí i.

Kò sí ẹni tí ó gbé nǹkan kan sókè. Màmá Agbẹ̀bí ń nu ẹnu.

Olùkọ́ náà gbé ojú sókè, ó na ìka kan, ó sì la ẹnu. Gbólóhùn mẹ́ta ni ó sọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìdí rẹ̀ àti àyọrísí rẹ̀. Láti ìgbà tí ó ti jáde ní yunifásítì, kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tí ó gún régé tó bẹ́ẹ̀. Ògiri nìkan ni ó gbọ́ ọ. Nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ ti dákú ní ìgbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu: ohùn wọn ń wọlé, ṣùgbọ́n tirẹ̀ kò jáde, àwòrán rẹ̀ sì dúró gbagidi lójú kọ̀ǹpútà wọn.

"Kí ló dé tó dákẹ́?" ni Ìyá Aránṣọ béèrè. Máṣíìnì náà dákẹ́.

"Kò dákẹ́, ó dúró fún wa ni," ni Màmá Agbẹ̀bí dáhùn. "Ó rí i pé kò sí ọsàn, ló bá fi ojú ara ẹ̀ dípò."

Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà yọ. "Olùkọ́ gidi nìyẹn. Ẹ mú pẹ́ńsù yín."

"Mo mọ ojú yìí," ni Bàbá Onílọ́rì wí. "Bí gbogbo ẹni tí mo bá já síwájú ẹ̀ lójú títì ṣe máa ń wò mí nìyẹn."

"Báyìí náà ni aláboyún ṣe máa ń la ẹnu tó bá ku díẹ̀," ni Màmá Agbẹ̀bí wí. "Eyín ẹ̀ pé o. Àmọ́ èyí tó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún yẹn, kó tètè fi han dókítà."

Olùkọ́ náà fi ahọ́n kan eyín ọ̀hún. Ó yọ wáyà, ó tún tì í bọ ihò rẹ̀, ó pa àpótí nẹ́tíwọ̀kì, ó tún tàn án, nẹ́tíwọ̀kì sì padà. Ó jókòó padà, ó mí kanlẹ̀.

"Ó ti mira," ni Bàbá Onílọ́rì kígbe. "Tíṣà, jọ̀ọ́, imú ni mo wà. Má bà á jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

Olùkọ́ náà fẹ́ ṣàlàyé. Ìgbà náà gan-an ni alábòójútó yọ lójú kọ̀ǹpútà, táì lọ́rùn, fọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Ọmọbìnrin náà wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Orí mẹ́ta tẹ̀ ba sórí bébà, pẹ́ńsù kan sì ń dún fìrìfìrì lábẹ́ àjà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kò sí ohun tí wọ́n tíì tẹjú mọ́ pẹ́ tó báyìí. Ó gbé àlàyé rẹ̀ mì. Ó na ìka, ó gbé ojú sókè, ó la ẹnu, kò sì mira mọ́.

Kò le. Bí àgbọ̀n bá ti ń rẹ̀ ẹ́, yóò rántí gbólóhùn ohun róbótó yẹn, ẹnu rẹ̀ yóò sì là fúnra rẹ̀. Eṣinṣin kan bà lé ìka rẹ̀, ó rò ó, ó sì ṣí lọ sí imú.

"Ṣé ká ya eṣinṣin náà?" ni Ìyá Aránṣọ béèrè.

"Ohun tí a bá rí la ó yà," ni Ọ̀gá Àgbà wí.

"Ẹ káàárọ̀ o," ni alábòójútó wí. "Olùkọ́, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

"Rọra, ọmọ yìí, à ń ṣiṣẹ́," ni Màmá Agbẹ̀bí dá a lóhùn. "Kò lè dá ẹ lóhùn. Òun ni ọsàn."

Alábòójútó wo fọ́ọ̀mù rẹ̀ síwá-sẹ́yìn. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ọsàn nínú rẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀: ǹjẹ́ àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ jọ ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà? Ó ní kí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn sókè.

Ẹnu tí Bàbá Onílọ́rì yà tó èyí tí ẹrù ọkọ̀ kan lè wọ̀. Màmá Agbẹ̀bí kò fo eyín kan. Ìlà tínńtín bí ojú abẹ́rẹ́ ni Ìyá Aránṣọ fi ṣe irun ojú. Ọ̀gá Àgbà tẹ bébà tirẹ̀ bo kámẹ́rà, àjà sì pòórá fún ìgbà àkọ́kọ́. Eṣinṣin wà nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Alábòójútó wo àwòrán, ó wo olùkọ́, ó tún wo àwòrán.

"Ó jọ ọ́," ni ó wí, bí ẹni tí wọ́n ń fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó fi àmì sí i lẹ́ẹ̀mẹrin. "Kíláàsì yóò máa bá a lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ń bọ̀, ìlànà wa ní kí ẹ ya ọ̀gẹ̀dẹ̀."

Ọwọ́ Ọ̀gá Àgbà yọ. "Ṣé èyí tó ti pọ́n?"

Ẹnu olùkọ́ náà, tí kò mira láti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, fẹ̀ sí i.

"Ẹ dúró ná," ni Bàbá Onílọ́rì wí. "Ẹnu ti fẹ̀ sí i."

Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin na ọwọ́ mú ìrésà láti pa ẹnu ti tẹ́lẹ̀ rẹ́.