Wọ́n Ní Kí N Mú Ìkejì Ìtùnú Wá

Oorun ọ̀sán ló gbé mi lọ lánàá lẹ́yìn ìsìn, mo sì lá àlá kan. Ẹ jẹ́ kí n rọ́ ọ fún yín.

Ẹ mọ Ìtùnú ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún mẹ́tàlá. Bí wọ́n ṣe bí i, ara rẹ̀ ní díẹ̀ nínú ti ọkùnrin, ó sì ní díẹ̀ nínú ti obìnrin. Lọ́la ni ọsibítù fẹ́ gbọ́ lẹ́nu mi bóyá kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Lójú àlá, ọjọ́ ti pé. Ọ́fíìsì wọn ń léfòó lókè igi máńgòrò. A gbé àkàbà, a gùn ún.

Akọ̀wé ní, "Òbí méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níbí."

Mo ní bàbá rẹ̀ ti kú lọ́dún tó kọjá. Ó ní ìyẹn kò kan ìwé òun. Wọ́n fi lẹ́tà pè é, ó sì dé tòun ti òwú nímú. Mo bá a tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe.

"Ọjọ́ wo lẹ sọ ọmọ lórúkọ? Ọjọ́ keje ni ti obìnrin, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọkùnrin."

"Ọjọ́ kẹjọ ni, sà."

"Ti ìbejì nìyẹn. Ìkejì dà?"

Mo tọrọ àforíjì pé n kò mú un wá. Wọ́n gbé àga òfìfo kan kalẹ̀ fún un. Akọ̀wé ti di òbúkọ báyìí, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kọ̀wé, ọwọ́ rẹ̀ sì dára. Ó bi mí léèrè, mo dáhùn fún Ìtùnú. Ó bi bàbá rẹ̀, ìyẹn mi orí. Ó bi àga bóyá abẹ ń bà á lẹ́rù.

Àga wúkọ́. "Ọ̀gá, igi ni mí. Ọmọ kan ti jókòó tì mí láti àárọ̀. Ẹ bi í."

Òbúkọ ní, "Ọmọdé ni."

Ìtùnú fa aṣọ mi. "Màmi, ara ta ni wọ́n ń sọ?"

Mo fẹ́ dá a lóhùn. Bàbá rẹ̀ yọ òwú imú rẹ̀, ó rọra fi í dí mi lẹ́nu.

Mo jí. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ló dúró tì mí, ó gbé abọ́ èkuru dání.

"Ìyàwó wa, ṣé ọmọ yìí ti yó, àbí kí n tún bù sí i?"

Ìtùnú wà nídìí tábìlì, oúnjẹ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Mo ti la ẹnu láti sọ pé ó ti yó. Mo pa á dé. Àwa méjèèjì dúró títí ó fi gbé e mì.