Àwọ̀ Tí Màámi Ń Rí Nínú Iléru

4.
…nítorí náà, ẹ̀bi náà kì í ṣe ti amọ̀. Mo ti yẹ amọ̀ wò. Mo ti yẹ igi wò. Ogójì ife ló jáde nínú iléru wa lọ́sẹ̀ yẹn, kò sì sí ọ̀kan tó dún. Ife tó bá jiná, tó o bá fi èékánná ta á, á dún gan-an. Tiwa kàn ṣe pọ̀, bí ẹni ta páálí.

Iná ò tó wọn. Bẹ́ẹ̀ ìyá mi ló wọn iná náà, ojú rẹ̀ ló sì ti ń fi wọ̀n ọ́n láti ọdún mọ́kàndínlógójì.

5. BÍ MÀÁMI ṢE Ń WỌN INÁ
(Á yọ bíríkì kékeré tó dí ojú iléru, á yọjú, á pe àwọ̀ tó bá rí.)

ẹ̀jẹ̀ — a ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀
ọsàn — ẹ má dẹwọ́ igi
pupa ẹyin — ó tó, ẹ dí i
wàrà — ó ti kọjá, ẹ máa gbàdúrà

6.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, ilé ìwòsàn ti bó awọ kúrò lójú rẹ̀ méjèèjì. Ó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó ń kọjá lójú títì. Ó rí eruku lójú fèrèsé mi, ó sì sọ ọ́ sétí gbogbo àdúgbò. Ojú dá ṣáká. Iṣẹ́ ló bàjẹ́.

7. OHÙN MÀÁMI LÓRÍ FÓÒNÙ, ÌṢẸ́JÚ ÀÁYÁ MỌ́KÀNLÁ
«Ọmọ mi, ta iléru yẹn fún ẹni tó bá fẹ́ ẹ. Ojú tí wọ́n fún mi yìí, kì í ṣe tèmi. Mi ò mọ iná mọ́.»

8.
Mo gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò sunkún.

(Irọ́ ni. Mo sunkún.)

9.
Mo tún mọ ogójì ife. Mo ra mítà.

MÀÁMI: Kí nìyí?
ÈMI: Mítà ni, mà. Ó ń wọn ooru. Irin rẹ̀ á wà nínú iná, nọ́ńbà á máa jáde níta.
MÀÁMI: Ó lójú ni?
ÈMI: Rárá, mà.
MÀÁMI: O káre. Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni, ìwọ wá lọ gbé èyí tí ò tiẹ̀ lójú rárá wálé.

(Ó ń bínú. Ó sì ń fi etí ìró rẹ̀ nu amọ̀ kúrò lápá mi.)

10.
Mo ń wá ibi tí mo lè tọ́jú ìwé mítà sí nínú dúrọ́ọ̀. Wo ohun tí mo rí:

ÌWÉ FÚN ẸNI TÍ A ṢIṢẸ́ ABẸ OJÚ FÚN
1. Ẹ má fọwọ́ ra ojú.
2. Ẹ má jẹ́ kí omi ọṣẹ kàn án.
3. Ẹ máa kán oògùn sí i lẹ́ẹ̀mẹrin lóòjọ́.
4. Awọ tí a yọ máa ń jẹ́ kí ohun gbogbo pọ́n. Láti ìsinsìnyí lọ, àwọ̀ yóò mọ́lẹ̀, yóò sì funfun ju bí ẹ ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ lọ. Kì í ṣe àìsàn.

Èmi ni mo ka ìwé yẹn fún un lọ́jọ́ tá a kúrò níbẹ̀. Mo ka ìlà mẹ́ta. Ọkọ̀ dé, mo ká a sápò.

11.
Ìyẹn ni pé iná tó yẹ kó pè ní ọsàn ti di pupa ẹyin lójú rẹ̀. Ó dá iná dúró kí ife tó jiná. Kò gbàgbé iṣẹ́. Èmi ni mi ò kàwé dópin.

12.
ÈMI: Màámi, ẹ̀bi mi ni.
(Ó gba ìwé náà. Ó kà á fúnra rẹ̀, láìsí gíláàsì, títí dé ìsàlẹ̀.)
MÀÁMI: Ìlà kẹrin.
ÈMI: Bẹ́ẹ̀ ni, mà.
MÀÁMI: Gbogbo ilé ìwé tí mo rán ọ lọ yẹn, ìlà mẹ́ta ni wọ́n kọ́ ọ?
ÈMI: Ẹ má bínú, mà.
MÀÁMI: Ìgbà wo la máa dáná?

12, lẹ́ẹ̀kan sí i. ÀKÍYÈSÍ LẸ́NU Ọ̀NÀ ILÉRU
ẸNIKẸ́NI Ò GBỌDỌ̀ BÁ MÀÁMI SỌ̀RỌ̀ TÓ BÁ Ń YỌJÚ WONÁ.
(Èmi náà wà lára ẹnikẹ́ni.)

13. ÌWÉ INÁ, ỌJỌ́RÚ
Èmi ń kọ nọ́ńbà, òun ń pe àwọ̀.

aago mẹ́wàá — 690 — «Ẹ̀jẹ̀. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bu omi là.»
aago kan — 870 — «Ọsàn. Dúró. Ọsàn tó ti fẹ́ kọjá.»
aago méjì — 940 — «Pupa ẹyin. Ọlọ́run mi. Ibi tí mo dúró lọ́jọ́sí nìyí.»
aago mẹ́ta — 995 — (ó ń rẹ́rìn-ín)

14.
Ẹni tó ń ta amọ̀ fún wa sọ pé 1050 ni amọ̀ yìí ń fẹ́. Ní aago mẹ́rin, mítà wà ní 1038.

MÀÁMI: Dí i.
ÈMI: Ó ku méjìlá, mà.
MÀÁMI: Òkè ni irin yẹn wà. Ìsàlẹ̀ lèmi ń wò. Dí i.

15.
Igi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tí ogójì yìí bá tún ṣe pọ̀, Màámi ò ní yọjú wo iná mọ́ láyé. Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

16.
Mo ju igi sílẹ̀. Mo dí ojú iléru.

17.
Iléru ò ní tutù títí di ọjọ́ Ẹtì. A ò tíì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Màámi gba bírò lọ́wọ́ mi, ó sì fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé iná fúnra rẹ̀:

aago mẹ́rin — 1038 — Mi ò tíì fún àwọ̀ yìí lórúkọ. Mo mọ̀ ọ́n.