Ẹnì Kan Ni Wọ́n

Gbóyèga ń lẹ bébà yẹ́lò kékeré mọ́ pátákó nígbà tí Adébùnmí ní, 'Ẹ má tíì lẹ̀ ẹ́, sà.'

Ọwọ́ ọkùnrin náà dúró. Ohun tó kọ sára bébà náà ni: Ibùsọ̀ kìn-ín-ní, a ti pín gbogbo ìdáhùn sí ìsọ̀rí. Ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn, ibùsọ̀. Kò fẹ́ máa pè é ní milestone láàárín ọmọ Yorùbá mẹ́ta. Láyé àtijọ́, ibi tí alárù ti ń sọ ẹrù orí rẹ̀ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Adébùnmí kò rí ẹni tó sọ ẹrù kankan nínú yàrá ìpàdé yìí.

Iṣẹ́ náà kò díjú. Àwọn ìyá àgbà tí ọmọ wọn mú wá sí Houston láti bá wọn tọ́mọ, ṣé wọ́n dá wà? Gbóyèga ni olórí. Oyíndà, olùkọ́ nípa kọ̀ǹpútà tí a bí sí ìlú Katy lẹ́bàá Houston níbẹ̀, ló gba ohùn àwọn ìyá náà sílẹ̀ ní àdúgbò Cinco Ranch àti Fulshear, òun náà ló pín ìdáhùn wọn sí ìsọ̀rí. Nígbà tó ń pín in, Adébùnmí wà ní Iléṣà, ó ń sin ọkọ rẹ̀. Ìṣirò ló kàn án báyìí. Orúkọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló máa wà lórí ohun tó bá jáde.

Adébùnmí tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ohùn Oyíndà ló kọ́kọ́ jáde: 'Grandma, ta lẹ máa ń bá jẹun lálẹ́?'

Ìyá kan dáhùn pé, 'Èmi pẹ̀lú wọn ni. A jọ ń jẹun ni.'

'Ìsọ̀rí ọ̀pọ̀ ènìyàn la fi èyí sí,' ni Adébùnmí wí. 'Ẹ gbọ́ iwájú.'

Ohùn ìyá náà tún dé. 'Ìyàwó ọmọ mi ní kí n yé gbé fọ́tò wọn sórí tábìlì oúnjẹ. Wọ́n ti kú, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ta ni kí n wá máa wò?'

Adébùnmí dá ohùn náà dúró. 'Ọkọ wọn ni ìyá yìí ń sọ, sà. Ẹnì kan ni, òkú sì ni. Mo ti gbọ́ púpọ̀ nínú àwọn ohùn náà, bákan náà ni wọ́n rí. Àwọn tó dá wà jù gan-an la kọ pé ilé wọn kún.'

Gbóyèga jókòó. 'Bùnmí, a ti fi déètì tí a máa parí ránṣẹ́ sí àwọn tó ń sanwó iṣẹ́ yìí. Tí ibùsọ̀ yìí bá sún, gbogbo èyí tó kù á sún. Jẹ́ ká fi sí ìsàlẹ̀ ìwé, ní lẹ́tà kékeré.'

'Lẹ́tà kékeré, sà?'

'Mo mọ ohun tójú ẹ ń rí. Ká ní èṣí ni, o ò ní gbọ́ ọ báyìí. Ọ̀fọ̀ tó ṣẹ̀ ẹ́ ló ń bá ẹ gbọ́ ọ.'

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí omi lójú ẹni kì í gbà pé ojú náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Adébùnmí yíjú sí Oyíndà.

'Ṣé o ò gbọ́ apá kejì yẹn ni?'

'Mo gbọ́ ọ, Aunty.' Oyíndà ń yí bírò lọ́wọ́. 'Mo tiẹ̀ béèrè. Wọ́n ní kí n ṣì fi sí ọ̀pọ̀.'

'Àwọn ta?'

'Kì í ṣe àwọn, Aunty. Wọ́n.'

Ojú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Gbóyèga, ó sì yára padà. Ìyá rẹ̀ kọ́ ọ dáadáa. Kò lè pe àgbàlagbà ní 'ó'.

'Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣèpinnu,' ni Gbóyèga wí.

'Ẹ yọ orúkọ mi kúrò, sà.'

'Iṣẹ́ náà á ṣì lọ, o mọ̀.'

'Mo mọ̀, sà.'

Gbóyèga dìde, ó lẹ bébà náà, ó fi àtàǹpàkò tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sin Adébùnmí dé ìdí elevator, nítorí ọmọlúàbí ni, ó sì bá a tẹ bọ́tìnnì.

'Má bínú sí mi. Ilé ńkọ́?'

'A wà, sà.'

Ilẹ̀kùn pa dé. Elevator ti ń lọ sísàlẹ̀ kí ohun tó sọ tó dé etí òun fúnra rẹ̀. A wà. Láti ìgbà tó ti dé láti Iléṣà, bó ṣe ń dá gbogbo ayé lóhùn nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí fóònù, lẹ́nu ọ̀nà ilé. Kò sí ẹnikẹ́ni, títí kan òun alára tó mọ ìṣirò, tó bi í léèrè rí pé ẹni mélòó ni 'a'.